Bí ẹ ṣe lè lo lọ́yà kí ẹ tó sanwó ilẹ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Iṣẹ́ lọ́yà ni mò ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, àmọ́ inú ọ́fíìsì lẹ ti máa rí mi, ẹ kì í sábà bá mi ní kóòtù. Ìwé ilẹ̀, ìwé ìhágún (èyí tí wọ́n ń pè ní will), àdéhùn onílé àti ayálégbé, ìwé owó yíyá, fífi orúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀: ohun tó ń gba ọjọ́ mi nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìgbà tí ìjà bá ti dé ni wọ́n ń wá lọ́yà lọ. Ibi tí lọ́yà ti wúlò jù fún mẹ̀kúnnù ni kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kó tó fọwọ́ síwèé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹjọ́ ló kù, ẹjọ́ ilẹ̀ sì lè pẹ́ ju ẹ̀mí ẹni tó pè é lọ. Mo ti ka ìwé ẹjọ́ tí wọ́n ti yọ orúkọ bàbá kúrò, tí wọ́n fi ti ọmọ rọ́pò, nítorí bàbá ti kú kí adájọ́ tó dá a.

Ilẹ̀ rírà ni màá fi ṣàlàyé iṣẹ́ yìí, torí òun ló ń kó àwọn èèyàn wa sí wàhálà jù, pàápàá àwọn tó wà l'Ékòó tàbí lókè òkun tó jẹ́ pé orí fóònù ni wọ́n ti ń ra ilẹ̀ nílé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí lọ́yà jẹ́. Ní ìlú Òyìnbó, iṣẹ́ méjì ló wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Solicitor ló ń jókòó ti oníbàárà, tó ń ṣe ìwádìí, tó ń kọ ìwé, tó ń gbani nímọ̀ràn. Barrister ló sábà máa ń dúró rojọ́ níwájú adájọ́ láwọn kóòtù ńlá. Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, ẹnì kan náà ló ń ṣe méjèèjì. Tí wọ́n bá ti pe èèyàn sí Bar, ìyẹn ni pé wọ́n gbà á wọlé sí iṣẹ́ lọ́yà, tí orúkọ rẹ̀ sì ti wọ ìwé Supreme Court, ó ti di barrister àti solicitor nìyẹn. Kí Law School tiwa, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ lọ́yà, tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ òfin ọdún 1962, Lọ́ndọ̀nù làwọn èèyàn wa ń lọ. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, lọ síbẹ̀ ní 1944, ó di lọ́yà ní 1946, ó sì padà wá ṣí ọ́fíìsì sí Ìbàdàn. Iṣẹ́ barrister ni ọ̀pọ̀ àwọn tó lọ nígbà náà kọ́ lọ́hùn-ún. Tí wọ́n bá wá délé, ìwé ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ogún làwọn èèyàn ń gbé wá bá wọn, bẹ́ẹ̀ wọn ò kọ́ ìyẹn dé ojú àmì. Ó wà lára ìdí tí ìgbìmọ̀ Unsworth, tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1959, fi sọ pé ká ní ilé ẹ̀kọ́ òfin tiwa. Lónìí, ọmọ wa lè ka òfin fún ọdún márùn-ún ní Olabisi Onabanjo ní Àgọ́-Ìwòyè, tàbí ní Babcock ní Rẹ́mọ, kó tó kọjá sí Law School. Ìwé kíkọ tí àwọn kan rò pé ẹnikẹ́ni tó ní kọ̀ǹpútà lè ṣe, iṣẹ́ tí a fi ọdún gbọọrọ kọ́ ni.

Torí náà, kí ẹ tó gbé iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, ẹ mọ̀ dájú pé lọ́yà ni. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé tí wọ́n fi pè é sí Bar. Láti 2015 ni NBA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, ti ń fún wa ní òǹtẹ̀ tó ní orúkọ ẹni lára, èyí tó yẹ kó wà lórí ìwé tí a bá kọ. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ̀ka NBA wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó wà ní Ṣágámù. Ẹ lọ béèrè, ẹnikẹ́ni ò ní bú yín. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí àwọn ajẹ́ǹtì àti àwọn oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó ní fọ́ọ̀mù àdéhùn kan ṣoṣo nínú ẹ̀rọ wọn. Orúkọ àti iye owó nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Òfin ò gbà á: ẹni tí kì í ṣe lọ́yà, tó bá gbowó láti kọ ìwé ilẹ̀ tàbí ìwé tó jẹ mọ́ gbígba àṣẹ lórí ogún òkú, ti dẹ́ṣẹ̀ lábẹ́ òfin àwọn lọ́yà. Ọjọ́ tí wàhálà bá sì ṣẹlẹ̀, ẹ ò ní rí oníṣọ́ọ̀bù yẹn pè wá kóòtù kó wá sọ ohun tó ní lọ́kàn tó fi kọ gbólóhùn kan.

Ọjọ́ tí ẹ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ lọ́yà, ẹ mú ẹ̀dà sọ́fè, ìyẹn ìwé àwòrán ilẹ̀ tí sọ́fẹ́yọ̀ yà, tí wọ́n fi hàn yín dání, àti gbogbo ìwé tí wọ́n fún yín, kódà bó ṣe ríṣíìtì kékeré lásán ni. Ẹ mọ orúkọ ẹbí tó ń tà á, orúkọ olórí ẹbí, àti abúlé tí ilẹ̀ náà wà. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé gbé àti ẹni tó fẹ́ dá oko adìyẹ sílẹ̀, ìbéèrè tí màá bi wọ́n yàtọ̀. Bí ẹ bá ti san àsansílẹ̀, ẹ má fi pamọ́ fún mi. Ohun tí oníbàárà bá bá lọ́yà sọ nídìí iṣẹ́, àṣírí ni. Òfin ẹ̀rí ọdún 2011 ló dáàbò bò ó, lọ́yà ò sì láṣẹ láti tú u síta láìgba ìyọ̀ǹda oníbàárà, àyàfi bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwà ọ̀daràn tí wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

Lẹ́yìn èyí ni ìwádìí máa bẹ̀rẹ̀, sọ́fè la sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kí ẹ wò ó. Orúkọ ẹni tí wọ́n ya á fún máa wà lókè, pẹ̀lú abúlé àti ìjọba ìbílẹ̀. Ní igun kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rí nọ́ńbà òkúta ààlà tí sọ́fẹ́yọ̀ rì mọ́lẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ igun kan, àwọn nọ́ńbà gígùn kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí. Àwọn gan-an ló ń sọ ibi tí ilẹ̀ yẹn wà. Nọ́ńbà yìí la máa gbé lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Abẹ́òkúta kí wọ́n gbé e lé máàpù àgbà, ká lè mọ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ibẹ̀. Ẹ má fi èyí ṣeré rárá ní Rẹ́mọ, níbi tí ilẹ̀ ti ń wọ́n sí i lójoojúmọ́ lẹ́bàá títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn àti ti Ṣágámù sí Benin. Ẹbí lè ta ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà lọ́wọ́ wọn tipẹ́, kí wọ́n sì máa fi gbogbo ọkàn búra pé ti àwọn ni.

Ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Òkè-Mọ́sàn, l'Abẹ́òkúta, ló kàn. Ibẹ̀ la ti ń wo ìwé tó ti wà nílẹ̀ lórí ilẹ̀ náà: ta ni orúkọ rẹ̀ wà lórí ẹ̀, ṣé wọ́n ti fi dúró fún gbèsè ní báńkì, ṣé ẹlòmíì ti rà á. Lẹ́yìn náà, a máa ń béèrè ní kóòtù, ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù, bóyá ẹjọ́ wà lórí rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá sọ pé òun jogún ẹ̀ ni, màá ní kó mú ìwé ìhágún wá, tàbí ìwé àṣẹ tí kóòtù fi fún un láti bójú tó ogún olóògbé.

Lẹ́yìn gbogbo ìwé yìí, mo máa ń fẹsẹ̀ mi tẹ ilẹ̀ náà. Mo máa ń kí àwọn tó bá a pààlà, mo sì máa ń jókòó díẹ̀. Bí ìyá kan bá ń hú ẹ̀gẹ́ nínú ilẹ̀ tí wọ́n ní kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, mo fẹ́ mọ ẹni tó ní kó gbin ín, àti iye ọdún tó ti ń dáko níbẹ̀. Kò sí ọ́fíìsì kankan ní Abẹ́òkúta tó lè sọ ìyẹn fún mi.

Ọ̀rọ̀ ẹbí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń tà ní ìgbèríko wa, ilẹ̀ ẹbí ni. Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti olórí ẹbí, kì í sì í ṣe ti ẹni tó ń dáko níbẹ̀. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà tó dúró fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ pawọ́ pọ̀ tà á. Bí ọmọ ẹbí kan bá dá a tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni, bí ẹni pé wọn ò tà á rárá. Bí olórí ẹbí bá tà á láìjẹ́ kí àwọn àgbà yòókù lọ́wọ́ sí i, títà náà lè dúró, ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà lè gba kóòtù lọ kí adájọ́ sì fagi lé e. Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ti ọdún 1959 la sábà máa ń tọ́ka sí lórí èyí.

Báwo lẹ ṣe máa mọ àwọn àgbà ọ̀hún? Ẹ bi wọ́n pé aya mélòó ló bímọ fún baba ńlá tó ni ilẹ̀ náà. Àwọn ọmọ aya kọ̀ọ̀kan là ń pè ní ìdí-igi. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, ìdí-igi mẹ́ta ló wà, kí ẹnì kan ó kéré tán jáde wá láti inú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan láti fọwọ́ síwèé. Ẹ má sì gbàgbé àwọn obìnrin. Lábẹ́ àṣà àti òfin wa, ọmọbìnrin ń jogún bàbá rẹ̀ bí ọmọkùnrin. Ẹni tó lọ́kọ sí Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ kò kó ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ dànù sọ́nà. Orúkọ ọkùnrin nìkan ni mo máa ń bá lórí ọ̀pọ̀ ìwé. Mo máa ń béèrè pé, "Àwọn ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ńkọ́?" Bí àwọn bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn, mo ti mọ̀ pé a ò tíì lè fọwọ́ síwèé lọ́jọ́ náà. Ó máa ń bí àwọn oníbàárà nínú, wọ́n á ní mo fẹ́ ba ọjà jẹ́. Kí wọ́n máa bínú. Obìnrin tí wọn ò pè lónìí lè wá lọ́dún mẹ́wàá òní pẹ̀lú lọ́yà tiẹ̀, nígbà tí ilé ti dé òrùlé.

Nǹkan mìíràn tó wọ́pọ̀ lágbègbè wa: ẹbí á ní lọ́yà tiwọn, wọ́n á ní òun ló gbọ́dọ̀ kọ ìwé, pé ẹ san owó àdéhùn fún un. Bí wọn ò bá gbà rárá kí ẹlòmíì kọ ọ́, ẹ san án. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ òun nìkan ni lọ́yà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹbí ló ń ṣiṣẹ́ fún. Ẹ gba ìwé náà kó tó di pé wọ́n fọwọ́ sí i, kí lọ́yà tiyín kà á tán, kó tún ohun tó yẹ ṣe. Ohun tí màá kọ́kọ́ wá nínú rẹ̀ ni ibi tí ẹbí ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá wá gba ilẹ̀ yìí lọ́wọ́ yín lọ́nà òfin, àwọn á dá owó yín padà tàbí kí wọ́n fún yín ní òmíràn. Mo máa ń rí i pé ibẹ̀ ni wọ́n ti fò.

Tó bá kan owó, ẹ gba báńkì. Kí orúkọ tó wà lórí àkáǹtì náà jẹ́ ti àwọn tó ń fọwọ́ síwèé, kì í ṣe ti ajẹ́ǹtì. Owó ìpìlẹ̀, owó àgbà, owó ọ̀dọ́, ohunkóhun tí wọ́n bá tún fẹ́ gbà, ẹ jẹ́ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ báyìí, kó wọnú ìwé, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí òmíràn mọ́.

Ọjọ́ ìfọwọ́síwèé kì í ṣe ọjọ́ ìkánjú. Ìpínlẹ̀ Ògùn ní òfin tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé: ẹni tó kọ ìwé fún un gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ka ìwé náà fún un ní èdè tó gbọ́ kó tó tẹ̀ka. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ gbólóhùn yẹn sísàlẹ̀ ìwé láìkà á fún ẹnikẹ́ni. Mo máa ń kà á látòkèdélẹ̀, ní Ìjẹ̀bú, kì í ṣe èdè Yorùbá orí rédíò. Lọ́jọ́ kan, mò ń kà á fún ìyá àgbà kan tó jẹ́ àgbà ìdí-igi tiwọn. Ìka rẹ̀ ti wà nínú tàdáwà. Nígbà tí mo dé ibi tí ìwé ti sọ pé ilẹ̀ náà dé etí odò, ó fa ọwọ́ padà. Ó ní, "Lọ́yà, ìdí pèrègún ni tiwa parí sí. Láti pèrègún dé odò, ilẹ̀ àwọn ará òdìkejì ni." Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ò mọ̀. Sọ́fẹ́yọ̀ tí wọ́n mú lọ síbẹ̀ náà ò mọ̀, ibi tí wọ́n fi hàn án ló yà. A ká ìwé nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, a padà lọ wọn ilẹ̀ dé ìdí pèrègún, pèrègún náà sì wà níbẹ̀, ó ti nípọn. Oníbàárà mi san iye tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa bá a du bèbè odò.

Bí ẹ bá ti fọwọ́ síwèé tán, iṣẹ́ ò tíì tán. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sinmi, wọ́n á gbé ìwé sínú àpótí. Lábẹ́ Land Use Act, òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978, gómìnà ló di ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú fún gbogbo wa. Bí ilẹ̀ náà bá ti ní C of O, ìwé ẹ̀rí tí ìjọba fi ń fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀, tẹ́lẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ gómìnà lórí títà náà. Bí kò bá ní, ẹ lè béèrè C of O ní orúkọ tiyín. Ẹ máa san owó òǹtẹ̀ ìjọba lórí ìwé náà, lẹ́yìn náà kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Òkè-Mọ́sàn. Ìwé tó wà nínú àpótí yín, ẹni tó bá lọ ṣèwádìí lọ́la kò ní rí i, wọ́n á sì tún ilẹ̀ yẹn tà fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, bí ẹ bá fẹ́ kí àbúrò yín dúró fún yín, ẹ fún un ní ìwé àṣẹ tí àwa ń pè ní Power of Attorney. Ẹ fọwọ́ sí i níwájú notary public, ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé, níbi tí ẹ wà. Kí ìwé náà sọ ohun tó lè ṣe ní pàtó: kó rà, ṣùgbọ́n kó má lè tà.

Ọ̀rọ̀ ìhágún ṣe kókó, mo kàn máa fọwọ́ bà á ni. Ẹ kọ ọ́ nígbà tí ara yín le. Ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n rí yín bí ẹ ṣe ń fọwọ́ sí i. Ẹlẹ́rìí náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ẹ há nǹkan fún, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọkọ tàbí aya rẹ̀, torí ohun tí ẹ há fún onítọ̀hún lè já sí asán. Ẹ lè fi í pamọ́ sí ọ́fíìsì Probate, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ogún òkú, ní kóòtù gíga. Ilé bàbá yín tí ẹ ò tíì pín, ẹ ò lè há a fún ẹnikẹ́ni. Ti gbogbo ẹbí ni.

Ní ti owó iṣẹ́ lọ́yà, ìlànà tuntun jáde ní 2023 lórí ohun tó yẹ ká máa gbà. Ẹ ní kí lọ́yà yín ṣàlàyé rẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó ya owó iṣẹ́ tiẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára owó tó ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba, kó sì fún yín ní ríṣíìtì. Bí owó ilẹ̀ bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, àkáǹtì oníbàárà ló gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe àkáǹtì ara rẹ̀. Òfin yẹn ti wà láti 1964. Ẹni tí kò lówó lọ́yà rárá tí ẹjọ́ bá dé bá, kó béèrè lọ́dọ̀ Legal Aid Council, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1976, bóyá wọ́n lè ràn án lọ́wọ́.

Bí lọ́yà bá sì jẹ owó yín, ẹ má bá a jà lójú títì. Ẹ kọ lẹ́tà sí alága ẹ̀ka NBA tó wà ládùúgbò yín. Bó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbìmọ̀ LPDC, tó ń bá àwọn lọ́yà tó bá ṣìwà hù wí, ló lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé lọ́yà pátápátá. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ san owó, iye tí ẹ san, àti iṣẹ́ tí ẹ gbé fún un. Ẹ fi ẹ̀dà ríṣíìtì àti àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù mọ́ ọn, kí ẹ sì ní kí ẹni tó gbà á lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sórí ẹ̀dà tí ẹ máa mú lọ sílé.